Agbára Àgbà: Ìtàn Kíríátíìnì láti Inú Ìkòkò Ọbẹ̀ dé Inú Agolo, àti Ohun tí Ó Kan Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a ń lò fún agbára ara. Èsì mi kò gùn. Ọ̀rọ̀ agbára àti ogbó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí lítíréṣọ̀ Yorùbá ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé jáde ní ọdún 1938, arúgbó kan ni ó wá bá òǹkọ̀wé, tí ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó kọ ìtàn tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀. Ìtàn ìgbà tí ara arúgbó náà ṣì le ni: bí ó ṣe wọ igbó, àti bí ó ṣe bá àwọn iwin pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé wa. Ọ̀dọ́ a máa ṣe, àgbà a máa rántí. Òwe wa náà gba ọ̀nà kan náà nígbà tí ó sọ pé arúgbó ṣoge rí, àkísà lo ìgbà rí. ‘Rí’ yìí ni ó gbé òwe náà dúró. Agbára àgbà ti di ohun àná.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé: ṣé dandan ni kí agbára àgbà di ìrántí nìkan? Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni ìyẹ̀fun funfun kan ti wà lọ́jà, tí àwọn tí ń gbé irin fún ìdárayá ń pò mọ́ omi mu. Creatine ni orúkọ tí a ń rí lára agolo rẹ̀. Kíríátíìnì ni n óò máa pè é. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbá a mú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ó lè ṣe fún àwọn tí wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 55. Lónìí, àwọn ọmọ tí ó wà ní ìlú òyìnbó ń fi í ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá wọn nílé, àwọn òbí náà sì ń béèrè bóyá kí wọ́n lò ó tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nù.

N kò wá polówó ọjà, n kò sì wá ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé nínú ìtàn ohun náà ni a ti lè rí ìdáhùn. Ohun tí ìtàn náà fi hàn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i, ni pé ẹran, ẹja àti iṣẹ́ ni wọ́n bí ìyẹ̀fun yìí. Bí a bá yọ iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́kù nínú agolo kò tó nǹkan.

Iṣẹ́ àti Oúnjẹ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Ìkọ̀yà dé Òkìtìpupa, láti Òde-Ayé dé Igbótako àti Òde-Ìrèlè, jẹ́ ilẹ̀ igbó àti odò. Ọ̀pẹ ni ọrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹ wo iye agbára tí ó wà nínú agbè epo kan. Ẹni tí yóò kọ ẹyìn yóò fi igbà de ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, yóò fi itan àti ẹ̀yìn gbé ara rẹ̀ sókè, yóò gé ìdì ẹyìn, yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìdì ẹyìn yóò di ẹrù orí. Nígbà tí a bá sè é tán, a ó dà á sínú ẹkù, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ẹran ara ẹyìn yóò fi kúrò lára ekùrọ́. Àwọn obìnrin ni wọ́n sábà máa ń bu epo, tí wọ́n ń ru omi, tí wọ́n sì ń pa ekùrọ́.

Iṣẹ́ púpurú kò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó wú ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀, a ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, a ó fún omi rẹ̀ kúrò, a ó ṣa okùn inú rẹ̀, a ó mọ ọ́n ní ìṣù roboto, a ó sì gbé e sórí iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó họ ẹ̀yìn dúdú rẹ̀, a ó gún un, a ó kù ú, kí á tó rò ó nínú omi gbígbóná. Ìyá àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá tí ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí odò Olúwà, àti àwọn agégẹdú tí ń yí ìtì igi wọ inú omi. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ìdárayá. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ ìlera òde òní bá wò ó, ohun tí ó rí ni ìtan, èjìká àti ẹ̀yìn tí ń gbé ẹrù wíwúwo ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó.

Kí ni wọ́n fi ń jẹ púpurú náà? Ẹja ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn Ìlàjẹ, aládùúgbò wa, ni olówò ẹja, ọjà Igbókọ̀dá sì ni orísun ẹja tútù àti ẹja gbígbẹ fún gbogbo agbègbè wa. Ẹran ìgbẹ́ wà pẹ̀lú, láti ọwọ́ ọdẹ. Nínú pípín ẹran, àgbà kì í gba ìpín tí ó kéré jù. Àwọn ọmọdé ni wọ́n máa ń kùn.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú àlàyé yìí: ẹrù wíwúwo, àti ẹja tàbí ẹran. Àwọn méjèèjì ni a ó bá pàdé ní ilẹ̀ òkèèrè.

Chevreul àti Omi Ẹran

Ní ọdún 1832, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michel Eugène Chevreul rí ohun kan nínú omi tí a fi se ẹran. Ó yọ ọ́ kúrò nínú omi náà, ó sì fún un ní orúkọ láti inú èdè Gíríìkì, níbi tí kreas ti jẹ́ ẹran. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ ni orúkọ rẹ̀ ti ń jẹ́rìí sí ibi tí ó ti wá. Ohun tí ìyá wa ń dà sórí púpurú ni Chevreul gbé wọ ilé àyẹ̀wò.

Ọkùnrin yìí kan wa ju bí a ti rò lọ. Kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ omi ẹran ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rá, tí ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1823. Ìmọ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là ní Yúróòpù gbé iṣẹ́ wọn lé. Àwọn oníṣòwò ọṣẹ àti àbẹ́là yìí náà wà lára àwọn tí wọ́n mú kí epo pupa di òwò ńlá ní etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó epo gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó. Bí a bá ní orúkọ rẹ̀ kò dé etígbọ̀ọ́ àwọn tí ń tẹ ẹyìn nínú ẹkù, iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ dé ibẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. A bí Chevreul ní ọdún 1786, ó sì kú ní ọdún 1889, lẹ́yìn tí ó ti pé ẹni ọdún 102. Ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ó ń kíyè sí ogbó gẹ́gẹ́ bí ohun ìwádìí. N kò sọ pé omi ẹran ni ó sọ ọ́ di arúgbó. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó rí kíríátíìnì mọ ohun tí ogbó jẹ́.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Liebig

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní 1847, Justus von Liebig, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kíríátíìnì wà nínú ẹran oríṣiríṣi ẹranko. Ó tún ṣe àfiwé kan tí yóò dùn mọ́ ọdẹ Ìkálẹ̀ nínú. Ó yẹ ẹran kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ajá ọdẹ lé pa nínú igbó wò, ó sì yẹ ti èyí tí a sìn sínú ilé, tí ó ń jẹ tí ó ń sùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíríátíìnì inú ẹran èyí tí ó ti igbó wá tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èyí tí a sìn sílé. Liebig sì parí ọ̀rọ̀ pé eré sísá ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Àwọn onímọ̀ òde òní kò ní gba gbogbo ìṣirò Liebig bí ó ti wà. Síbẹ̀, ohun tí ó tọ́ka sí kò tíì di asán: iṣan tí ń ṣiṣẹ́ àti iṣan tí ó jókòó kì í ṣe ọgbọọgba. Àlọ́ wa ti mọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fún ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ti Liebig fi ẹran ara rẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn.

Liebig kò gbọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ̀ tán. Ní ọdún 1865 a dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórúkọ rẹ̀, tí ń se ẹran màlúù Urugúáì ní Fray Bentos títí yóò fi ki bí oyin, tí ó sì ń tà á ní ìgò. Nǹkan bí ọgbọ̀n kìlógíráàmù ẹran ni ó ń di kìlógíráàmù kan. Wọ́n polówó rẹ̀ pé ó ń fún aláìlera ní agbára. Àwọn onímọ̀ mìíràn wò ó títí, wọ́n rí i pé adùn rẹ̀ pọ̀ ju oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a ó gbìyànjú láti ta agbára láìta iṣẹ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe ìgbà ìkẹyìn.

Bí Ó Ṣe ń Ṣiṣẹ́ àti Bí Ó Ṣe Dé Inú Agolo

Ní ọdún 1927 ni ìdí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Boston rí i, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé kíríátíìnì inú iṣan so mọ́ èròjà kan tí ń jẹ́ fọ́sífétì. Ìtúmọ̀ rẹ̀ nìyí. Iṣan ní epo tí ó ń jó nígbà tí a bá fẹ́ gbé ohun wíwúwo tàbí kí á fò dìde lórí àga. Epo náà kéré; láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti ń tán. Kíríátíìnì tí ó gbé fọ́sífétì dání ni ó ń yára tún epo náà rọ. Ó dà bí ẹni tí ó dúró ti iná alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú èédú lọ́wọ́: òun kọ́ ni ó ń lu irin, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, iná yóò rẹ̀ kí irin tó rọ̀.

Ara ẹni tí ó wọn àádọ́rin kìlógíráàmù ní nǹkan bí gíráàmù 120 sí 140 kíríátíìnì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà nínú iṣan. Lójoojúmọ́ ni gíráàmù kan sí méjì ń di eérú, tí ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ara fúnra rẹ̀ ń ṣe nǹkan bí ìdajì àfidípò rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Oúnjẹ ni ó ń mú ìyókù wá. Kìlógíráàmù kan ẹran màlúù tútù ní nǹkan bí gíráàmù mẹ́rin àbọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja kò jìnnà sí èyí, òmíràn sì jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá se é pẹ́ tàbí tí a gbẹ ẹ́ lórí iná, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò bàjẹ́.

Ní ọdún 1992, Roger Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde láti Stockholm ní ilẹ̀ Súwídìn. Wọ́n fi hàn pé bí ènìyàn bá ń lo gíráàmù márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, fún ọjọ́ mélòó kan, kíríátíìnì inú iṣan rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyẹ̀fun yìí fi di ọjà fún àwọn eléré ìdárayá. Ní 1996, ìwádìí mìíràn fi hàn pé kò sí ìdí fún ìkánjú: gíráàmù mẹ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ 28 yóò dé ibi kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹran ni a ń lọ̀ sínú agolo. Nínú ilé-iṣẹ́ ni a ti ń pò ó láti inú àwọn èròjà tí kò ti ara ẹranko wá.

Àwọn Àgbà tí Ó Gbé Irin

Ní ọdún 1989, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, fún jíjoro iṣan àgbà ní orúkọ tirẹ̀ láti inú èdè Gíríìkì, èyí tí ó túmọ̀ sí àìtó ẹran ara. Kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, ogbó ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ohun tí ó sì ń fà kì í ṣe ẹ̀tẹ́ lásán. Àgbà tí itan rẹ̀ ti rù kò lè dìde lórí àpótí láìdi ògiri mú. Yóò ṣubú ní ilé ìwẹ̀, egungun ìbàdí yóò ṣẹ́, ọ̀pọ̀ kì í sì í ti orí ibùsùn yẹn dìde mọ́.

Ní ọdún kejì, 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àgbà mẹ́wàá ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Boston, àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tí ó parí rẹ̀ lọ sókè ní ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣan itan wọn nípọn sí i. Ní 1994, obìnrin yìí kan náà tún tẹ ìwádìí jáde lórí ọgọ́rùn-ún àgbà tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 87. Àwọn kan gbé ẹrù, àwọn kan mu ohun mímu aṣaralóore, àwọn kan ṣe méjèèjì, àwọn kan kò ṣe ọ̀kankan. Àwọn tí ó gbé ẹrù ni agbára wọn lé sí i lọ́nà tí ó hàn gbangba. Ohun mímu nìkan kò fi agbára kún agbára ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe kíríátíìnì ni wọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ra agolo kíríátíìnì yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, nítorí pé òun ni ìtàn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Liebig tí ó padà dé pẹ̀lú ènìyàn.

Ibo wá ni kíríátíìnì wà? Ní ọdún 2017, Philip Chilibeck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Saskatchewan, ní Kánádà, kó ìwádìí 22 jọ, èyí tí ó kan àgbàlagbà 721 tí wọ́n ń gbé irin. Àwọn tí ó lo kíríátíìnì pẹ̀lú irin ní ẹran ara tí kì í ṣe ọ̀rá tí ó fi nǹkan bí kìlógíráàmù kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ju ti àwọn tí ó gbé irin láìlò ó, agbára apá àti ẹsẹ̀ wọn sì jù ti àwọn yẹn lọ. Ní ọdún yẹn kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin gbà pé a lè kọ ọ́ sára agolo pé kíríátíìnì ń ran agbérin tí ó ti lé ní ọdún 55 lọ́wọ́. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe dè é: gíráàmù mẹ́ta lójúmọ́, irin gbígbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ẹrù náà sì tó ìdá 65 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹni náà lè gbé lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tí agbára rẹ̀ mọ sí ogún kìlógíráàmù yóò máa gbé mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òfin náà kò fún ẹni tí ó jókòó ní ohunkóhun.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ọwọ́ kò tó pẹ̀lú. Ìwádìí kékeré kan ní 2015 mú kí a ní ìrètí pé kíríátíìnì pẹ̀lú irin yóò dín jíjoro egungun àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró kù. Nígbà tí a tún un ṣe fún ọdún méjì pẹ̀lú obìnrin 237, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, egungun wọn kò le ju ti àwọn tí kò lò ó. Ìmọ̀ tòótọ́ a máa gbé ọwọ́ lé ẹnu nígbà tí ẹ̀rí kò bá sí.

Ìbẹ̀rù àti Ààbò

Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìbẹ̀rù tí ó yí kíríátíìnì ká ní ìtàn tirẹ̀. Ní òpin ọdún 1997, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ń ja ìjàkadì fún yunifásítì wọn ní Amẹ́ríkà kú láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ẹ̀sùn kọ́kọ́ lọ sórí kíríátíìnì. Nígbà tí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ohun tí a rí ni pé wọ́n fẹ́ fọn kíákíá kí wọ́n lè bọ́ sí ìpele ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ jà: wọn kò mu omi, wọ́n wọ aṣọ tí kò jẹ́ kí ooru jáde, wọ́n sì ń ṣe eré nínú ooru. Òùngbẹ àti ooru ni ó pa wọ́n. Ní 1998, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ọkùnrin ẹni ọdún 25 kan tí kíndìnrín rẹ̀ rẹ̀yìn nígbà tí ó ń lo kíríátíìnì. Àrùn kíndìnrín ti wà lára ẹni yìí láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìròyìn tàn ká ayé pé kíríátíìnì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ìdí kan wà tí ìròyìn náà fi rọrùn láti gbà gbọ́. Eérú tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tí kíríátíìnì ń dà, ni àwọn dókítà ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí eérú bá pọ̀ lẹ́bàá ààrò, a lè rò pé olùgbálẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé igi tí a dá sínú iná ni ó pọ̀ sí i ńkọ́? Ẹni tí ń lo kíríátíìnì lè ní eérú díẹ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn. Nítorí náà, kí ó sọ fún dókítà kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí kò gba ọ̀nà eérú yìí rárá.

Ẹ̀rí tí ó wúwo jù fún àgbà ni èyí tí a rí láti inú ìtọ́jú àrùn gbígbọ̀n, tí a ń pè ní Parkinson. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, a mú aláìsàn 1,741, a fún àwọn kan ní gíráàmù mẹ́wàá kíríátíìnì lójúmọ́, a fún àwọn ìyókù ní àfarawé rẹ̀, a sì ṣètò láti máa wò wọ́n fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. A dá a dúró ní 2013 nítorí pé kò ran àrùn náà lọ́wọ́. Ìjákulẹ̀ ni fún àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti Yúróòpù lọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò mú ewu kan jáde tí a lè kà sí i lọ́rùn.

Èyí kò sọ pé kò ní ìyọnu kankan. Ara lè wúwo sí i ní kìlógíráàmù kan tàbí méjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí omi tí ń wọ inú iṣan. Bí a bá lo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú lè rú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára àwọn ohun tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ, àwọn méjèèjì a sì máa wọlé láìkanlẹ̀kùn. Àgbà tí kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ọdún mẹ́wàá kò lè fi ọwọ́ sọ àyà pé kíndìnrín òun le. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń mu àgbo ìrora lójoojúmọ́, tí ó tún ń gbé oògùn ìrora òyìnbó lé e, kò gbọdọ̀ da ìyẹ̀fun mìíràn sí i láìjẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀. Ní ti agolo fúnra rẹ̀, kí á wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìyẹ̀fun funfun jọ ìyẹ̀fun funfun.

Ohun tí Ó Kan Àwa Ìkálẹ̀

Mo padà sí ilẹ̀ wa. Àwọn òbí wa kò mọ orúkọ kíríátíìnì, wọ́n sì ní ohun méjèèjì tí ó ń bá a rìn. Àwa ń pàdánù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ń fún epo, ẹ̀rọ ń lọ ẹ̀gẹ́, alùpùpù ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà. Èmi kò ní kí á padà sínú ẹkù. Iṣẹ́ náà ṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀yìn, ẹni tí ó bá sì ń yìn ín lónìí ni ẹni tí kò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún pé ‘Bàbá, ẹ sinmi’, ti di kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú ilé. Ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ ọ́, ìfẹ́ náà ni ó sì ń mú itan rẹ̀ rù. Ẹran àti ẹja pẹ̀lú ń dín kù nínú àwo rẹ̀, yálà nítorí eyín, tàbí nítorí owó ìfẹ̀yìntì tí kò tètè dé.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bi mí pé, ‘Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kí n lò ó?’, èsì mi yóò tò tẹ̀ léra. Kí ó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti kíndìnrín rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ẹrù gbé: kí ó máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó sinmi, kí ó tún un ṣe, kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí kò kún, kí ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ bù kún un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹja wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣe gbogbo èyí fún oṣù mélòó kan, tí apá rẹ̀ sì ká a, gíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún lójúmọ́ lè fi díẹ̀ kún èrè iṣẹ́ rẹ̀. Láti rí gíráàmù mẹ́ta nínú ẹran nìkan, yóò jẹ nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta kìlógíráàmù lóòjọ́, èyí tí àpò ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè gbé. Ṣùgbọ́n bí owó bá mọ sí agolo tàbí ẹja, kí ó ra ẹja, nítorí ohun rere tí ó wà nínú ẹja pọ̀ ju kíríátíìnì nìkan lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A ti ń pa òwe yìí bí ẹni pé pẹpẹ jẹ́ ti àgbà títí láé, láìbéèrè bóyá apá rẹ̀ ṣì lè nà dé ibẹ̀. Ìtàn tí mo sọ lónìí, láti ọ̀dọ̀ Chevreul dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó Boston, sọ pé ó lè nà dé ibẹ̀ pẹ́ ju bí a ti rò lọ, bí a kò bá gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ kí àkókò tó tó. Àwọn òǹkọ̀wé wa tí ń bọ̀ yóò wá ní iṣẹ́ tuntun láti ṣe: kí wọ́n kọ ìtàn àgbà tí agbára rẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Kí àwa tí a jókòó síbí sì jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tí wọn yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe.